Ìwé Pupa Tí Opó Orí Òkè Ń Wá

Ní Nẹ́pàl, pupa ni àwọ̀ ìyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ á bu àtíkè pupa tí wọ́n ń pè ní sindoor sí ìlà àárín orí ìyàwó rẹ̀, á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú, wọn á nu àtíkè yẹn kúrò. Wọn á já ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọn á fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ gíláàsì, wọn á wọ aṣọ funfun sí i lọ́rùn. Ọjọ́ 13 ni yóò fi jókòó lọ́tọ̀, ọdún kan gbáko ni yóò fi wọ funfun. Láyé àtijọ́, ẹran àti ẹja di èèwọ̀ fún un títí tí yóò fi kú, pupa kò sì gbọdọ̀ kan ara rẹ̀ mọ́. Bí ó bá pàdé ẹni tó ń lọ síbi ayẹyẹ láàárọ̀, onítọ̀hún lè padà sílé pé òun ti pàdé aburú. Ìnagijẹ kan wà tí wọ́n fi ń bú irú obìnrin bẹ́ẹ̀, poi tokuwa, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí "ó pa ọkọ jẹ" tí a máa ń gbọ́ nílé wa.

Àárín àwọn Bahun àti Chhetri, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Hindu, ni ìdè yìí ti le jù. Láàárín àwọn Sherpa, Tamang, Gurung àti Rai tó ń gbé lókè lọ́hùn-ún, ó rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í béèrè ẹ̀yà.

Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ti pupa yìí nítorí pupa mìíràn wà lórílẹ̀-èdè náà. Ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé èèyàn ló ni ilẹ̀, lalpurja ni wọ́n ń pè é. Lal ni pupa, purja ni ìwé. Bí àwọn ẹgbẹ́ àti ìjọba ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa bí opó orí òkè yóò ṣe máa bọ́ ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ̀yáwó àti ewúrẹ́ ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà. Ní tèmi, ìwé pupa yẹn ló yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn.

Ẹ má sì jẹ́ ká tètè máa ṣàánú wọn o. Lọ́dọ̀ tiwa, dúdú ni opó ń wọ̀, àwọn Mùsùlùmí wa sì ń jókòó tákàbá fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣíṣú opó kò tíì parẹ́ pátápátá. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Federal Supreme Court nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń jogún. Ohun tó yọ àwọn opó tiwa ni pé obìnrin Yorùbá ti ń ná ọjà kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ó ní ìsọ̀ tirẹ̀, ó ní oníbàárà, ó ń dá èsúsú, bí àwọn ẹbí ọkọ bá sì palẹ̀ ilé mọ́, àtẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Opó orí òkè Nẹ́pàl kì í sábà ní àpò tirẹ̀ rárá. Oko ọkọ ló ń ro, ẹfọ̀n ọkọ ló ń fún wàrà rẹ̀, abẹ́ ìyá ọkọ ló ń gbé. Bí ọkọ bá ti kú, ó di àlejò nínú ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Ibi tí àwọn ọkùnrin ń kú sí

Ilẹ̀ orí òkè kéré. Wọ́n ń gé ẹ̀gbẹ́ òkè bí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó rí ibi gbin àgbàdo tàbí ọkà kodo, ohun tó bá sì jáde níbẹ̀ lè má bọ́ ìdílé kan dé oṣù mẹ́jọ. Nítorí náà, owó wà nínú ohun tí ọkùnrin bá lọ ṣe níta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ọkùnrin abúlé kan máa ń ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá wá pa wọ́n, gbogbo wọn ló ń pa pọ̀.

Ní 18 oṣù kẹrin 2014, òkìtì yìnyín já lu àwọn òṣìṣẹ́ ní Khumbu Icefall, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè Everest. Ọmọ Nẹ́pàl 16 ló kú láàárọ̀ yẹn, ẹrù àwọn àlejò sì ni wọ́n ń rù lọ sókè. Ìjọba kọ́kọ́ ní òun á fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 40,000 rúpì, nǹkan bí 400 dọ́là, kí wọ́n fi sìnkú. Lọ́dún náà, àlejò kan kì í san owó tó dín ní 10,000 dọ́là kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ láti gun òkè yẹn. Inú àwọn Sherpa ru, wọ́n fárígá, ìgùn-òkè ọdún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá ní apá Nẹ́pàl. Lẹ́yìn rògbòdìyàn yẹn ni wọ́n tó gbé owó adójútòfò òṣìṣẹ́ orí òkè láti 10,000 dọ́là sí 15,000. Ẹ̀mí ọkọ kan nìyẹn.

Ọdún kan ṣáájú, ní apá Índíà, ní 16 àti 17 oṣù kẹfà 2013, òjò àti omi yìnyín ya wọ Kedarnath, ibi ìjọsìn kan tó ga ju 3,500 mítà lọ ní Uttarakhand. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló bá a lọ. Abúlé Deoli-Bhanigram, nítòsí Guptkashi, pàdánù ọkùnrin tó lé ní àádọ́ta, tàgbà tọmọdé, nítorí pé Kedarnath ni gbogbo wọn ti ń jẹun: àwọn kan jẹ́ àlùfáà, àwọn kan ń da ìbaaka tí àwọn olùjọsìn ń gùn, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lẹ́nu ìsinmi tí wọ́n lọ ran bàbá wọn lọ́wọ́ ní ìsọ̀. Àwọn oníròyìn wá sọ ibẹ̀ ní abúlé àwọn opó. Ẹgbẹ́ Sulabh, tí Bindeshwar Pathak dá sílẹ̀, gba abúlé náà tọ́, ó fún wọn ní owó oṣù, ó sì ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ fún wọn: aṣọ rírán, àbẹ́là ṣíṣe, kọ̀ǹpútà.

Tí kì í bá ṣe òkè ló pa ọkọ, ó lè jẹ́ òkèèrè. Owó tí àwọn ọmọ Nẹ́pàl ń fi ránṣẹ́ láti Qatar, Saudi Arabia, Malaysia àti ibòmíràn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè náà, láti pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu kan náà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń wọkọ̀ lọ ni pósí wọn sì ń gbà wọlé. Ẹ kún un pẹ̀lú ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ Maoist láti 1996 sí 2006 tó pa ju èèyàn 13,000 lọ. Ẹ kún un pẹ̀lú ilẹ̀ ríri 25 oṣù kẹrin 2015, tó pa nǹkan bí 9,000, àti ti Jajarkot ní oṣù kọkànlá 2023 tó pa èèyàn tó lé ní 150. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, omíyalé àti ilẹ̀ òkè tó ń já tún pa ju 200 lọ. Gbogbo èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ opó kò fi kúrò nílẹ̀ níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé ogójì ọdún.

Owó-orí òdì

Ìjọba Nẹ́pàl kò ṣàìṣe nǹkan kan. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fún àwọn opó ní owó ìrànwọ́ oṣooṣù. Ọgọ́rùn-ún rúpì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti di 2,660, nǹkan bí ogún dọ́là. Ó ń ra iyọ̀, ó ń ra epo, ó lè ra ìwé ọmọ. Bí obìnrin náà bá fẹ́ ọkọ mìíràn, owó náà dúró.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 2009. Nínú ètò ìṣúná ọdún náà, ìjọba kéde pé òun yóò fún ọkùnrin tó bá fẹ́ opó ní 50,000 rúpì. Ẹ ò rí nǹkan! Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ní í san owó-orí ìyàwó. Níbẹ̀, ìjọba fẹ́ san owó-orí fún ọkọ kó lè gba obìnrin. Àwọn opó fúnra wọn ló jáde sí ìgboro Kathmandu láti sọ pé àwọn kì í ṣe ọjà gbàǹjo. Wọ́n ní bí owó bá wà, kí wọ́n fi ṣètò iṣẹ́, ilé-ìwé àwọn ọmọ àti ìwòsàn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì wọ́gi lé ètò náà.

Obìnrin tó wà níwájú wọn ni Lily Thapa. Dókítà ni ọkọ rẹ̀, òkèèrè ló kú sí ní 1991, ó sì fi ọmọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ní 1994 ó dá Women for Human Rights sílẹ̀ ní Kathmandu, ẹgbẹ́ tó wá tàn dé ọ̀pọ̀ àgbègbè orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jà fún kì í ṣe owó rárá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn ní bidhwa, ìyẹn opó, mọ́, pé ekal mahila, obìnrin tó dá dúró, ni kí wọ́n máa pe àwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí opó tó bá fẹ́ wọ pupa máa wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní orúkọ ni wọ́n ń jà sí nígbà tí ikùn ń kùn. Ó pẹ́ kí n tó rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ta ni yóò ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ẹni tí rírí rẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ aburú? Tí ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin náà kò bá yí padà, kò lè pàtẹ.

Maṣíìnì ìránṣọ

Gbogbo wa la mọ maṣíìnì ìránṣọ tí àwọn olóṣèlú ń pín. Ìyá kan ládùúgbò wa gba ọ̀kan nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, fọ́tò ẹni tó fún un wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo débẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Búrẹ́dì àti míìkì alágolo ló wà lórí maṣíìnì náà, ó ti di àtẹ. Mo bi ìyá náà pé, "Ẹ ò wa ránṣọ mọ́, Mà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, télọ̀ mẹ́fà ló wà ní òpópó yìí. Ta ni kí n máa ránṣọ fún?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpópó wa máa ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ó kàn burú jù níbẹ̀ ni. Ogún obìnrin lè kọ́ aṣọ rírán pa pọ̀ lábúlé tí ilé rẹ̀ kò ju ọgọ́ta lọ. Aṣọ tí wọn yóò rán ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, ó sì di ọ̀wọ́n kí ó tó dé. Aṣọ rírán láti Ṣáínà àti Índíà wà ní ọjà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bí maṣíìnì bá sì bàjẹ́, atúnmaṣíìnì wà ní ìrìn ọjọ́ kan. Ẹrù orí òkè, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rù ú, nínú apẹ̀rẹ̀ oparun tí wọ́n ń pè ní doko. Okùn pẹlẹbẹ kan, namlo, ni wọ́n ń gbé kọ́ iwájú orí láti fi dì í mú. Ẹni tó bá gbé ogún kílò ọ̀dùnkún sọ̀kalẹ̀ lọ́nà yẹn fún wákàtí mẹ́rin ti ná èrè rẹ̀ tán sójú ọ̀nà, nínú eékún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè, bí mo bá gbọ́ nípa ètò ìrànwọ́ kan, pé báwo ni ọjà náà yóò ṣe sọ̀kalẹ̀, kí n tó béèrè iye ẹni tí wọ́n kọ́.

Àwọn kan yàn láti má sọ̀kalẹ̀ rárá. Ní 23 oṣù karùn-ún 2019, Furdiki Sherpa àti Nima Doma Sherpa dé góńgó Everest. Ọkọ Furdiki kú ní 2013 níbi tó ti ń ta okùn tí àwọn agùnkè ń dì mú. Ọkọ Nima Doma wà lára àwọn 16 ti 2014. Àwọn méjèèjì ní àwọn fẹ́ fi han àwọn opó ẹgbẹ́ wọn pé ọ̀nà ò dí. Láti àwọn ọdún 1990 náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta kan ti ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ amọ̀nà ní Pokhara, kí wọ́n lè máa mú àwọn arìnrìn-àjò obìnrin gba orí òkè kọjá. Owó wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó sọ wọ́n di opó ni, ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta nílé á sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. The Juniper Fund, tí àwọn agùnkè ará Amẹ́ríkà méjì dá sílẹ̀ ní 2012, gba ọ̀nà mìíràn: 3,000 dọ́là lọ́dún fún ìdílé òṣìṣẹ́ tó kú, fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí òwò kékeré. Ọdún márùn-ún yẹn ló dára jù nínú ètò náà lójú tèmi. Opó kì í gbọ́n lórí òwò láàárín oṣù mẹ́ta, nígbà tí kò tíì sùn dáadáa.

Ewúrẹ́ àti èsìsì

Ewúrẹ́ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ẹ má fojú kéré ìyẹn lórí òkè. Kò fẹ́ iná mànàmáná, kì í bàjẹ́ bí tòmátì, ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń jẹ, ó sì ń bí ìbejì. Bí àjọ̀dún Dashain bá sún mọ́lé, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, owó òbúkọ ń gòkè bí owó àgbò tiwa nígbà Iléyá. Heifer, ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́ ní Nẹ́pàl, máa ń fún àwọn obìnrin ní ewúrẹ́ pẹ̀lú àdéhùn pé àkọ́bí rẹ̀ tó bá jẹ́ abo, ẹlòmíràn ni wọn yóò fà á lé lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa mọ irú rẹ̀: wọ́n á fi ewúrẹ́ sìn fún ọ, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ pín ọmọ. Opó tí àṣà ní kó má jẹ ẹran wá di ẹni tí gbogbo abúlé ń wá kiri lọ́sẹ̀ Dashain.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni allo. Irú èsìsì kan ni, ó ń ga ju èèyàn lọ, ó sì ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó láàárín 1,200 sí 3,000 mítà. Yorùbá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń fi èsìsì nùdí. Àwọn obìnrin Rai ní Sankhuwasabha, ní ìlà-oòrùn Nẹ́pàl, ń fi í ṣe aṣọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lẹ́yìn òjò, nígbà tí igi rẹ̀ bá gbó, wọn á di aṣọ mọ́ ọwọ́, wọn á gé e, wọn á ha ẹ̀gún rẹ̀ dànù, wọn á bó èèpo rẹ̀ níbẹ̀ nínú igbó nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ru igi lásán bọ̀ wálé. Wọn á sá èèpo náà gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn á sè é pẹ̀lú eérú igi fún wákàtí púpọ̀ nínú ìkòkò ńlá. Aláró Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta tó bá dúró sídìí ìkòkò yẹn kò ní béèrè ohun tí eérú ń ṣe níbẹ̀: ó ń jẹ ohun tó lẹ̀ mọ́ra, ó ń tú u. Lẹ́yìn náà, odò. Wọn á máa fi igi lù ú lórí òkúta, wọn á ṣàn án, wọn á tún lù ú. Wọn á fi amọ̀ funfun pa á kí fọ́nrán rẹ̀ má baà lẹ̀ pọ̀, wọn á sá a, wọn á gbọn amọ̀ náà dànù. Ohun tó bá kù mọ́ wọn lọ́wọ́ ń dán bí irun àgbà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rànwú. Ìrànwú ọwọ́ ni wọ́n ń lò, igi kékeré kan tó ní ìdí wíwúwo, wọ́n sì ń ràn án lórí ìrìn. Obìnrin ń da ewúrẹ́ lọ, ó ru doko sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń ran òwú. Bí ó bá délé, òfì ń bẹ tí wọ́n ń fi okùn rẹ̀ so mọ́ ìdí ara wọn láti fi fà á le. Látijọ́, àpò ẹrù, àwọ̀n ẹja àti aṣọ òtútù ni wọ́n ń hun. Láti àwọn ọdún 1980 ni ètò ìdàgbàsókè kan ti kọ́ wọn láti da irun àgùntàn pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n lè hun aṣọ kóòtù àti ìborùn tí ará ìlú ńlá lè rà.

Ẹ wo bí ó ṣe bá opó mu. Kò fẹ́ ilẹ̀. Igbó ìlú ló ti ń hù. Òwú kò wúwo, ẹni tó ru kílò márùn-ún sọ̀kalẹ̀ ru owó gidi. Kò ní télọ̀ mẹ́fà lójú òpópó, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni allo ti ń hù. Àbùkù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, ẹni tó sì ń ra òwú lọ́wọ́ wọn ló ń jẹ ọ̀rá rẹ̀. Àbùkù kejì ni pé igbó náà ní ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o, ìdílé-ìdílé ni wọ́n sì ń forúkọ sílẹ̀. Opó tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ní ìpàdé lè máà rí àyè wọlé.

Dhikuti, èsúsú àti gbèsè

Ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń kó owó jọ kò ṣàjèjì níbẹ̀. Àwọn Thakali àti Gurung ní ohun tí wọ́n ń pè ní dhikuti: ẹ dá owó jọ lóṣooṣù, ẹnìkan á kó o lọ, ó di ọwọ́ ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Èsúsú ni gẹ́lẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ara wọn. Tiwa ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Trinidad, tí wọ́n ṣì ń pè é ní sou-sou níbẹ̀ dòní. Ẹgbẹ́ àwọn ekal mahila náà ń ṣe irú ìtọ́jú-owó bẹ́ẹ̀, ogún obìnrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó díẹ̀díẹ̀ lóṣù, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn lè rí yá láìjẹ́ pé ó lọ bá olówó-èlé.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀yáwó kékeré wá tẹ̀ lé ipa ọ̀nà kan náà gòkè, àwọn kò sì ní sùúrù ẹgbẹ́. Obìnrin kan á yá lọ́wọ́ èkíní, á yá lọ́wọ́ èkejì láti fi san ti èkíní, á yá lọ́wọ́ ẹ̀kẹta. Ní 2023, àwọn tí gbèsè bẹ́ẹ̀ dè mọ́lẹ̀ láti oríṣiríṣi àgbègbè wọ́ wá sí Kathmandu láti fẹ̀hónú hàn, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀yáwó ni ọ̀nà àbáyọ opó, kí ó kọ́kọ́ sọ iye èlé rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré wà ní báńkì. Báńkì ní kí wọ́n mú lalpurja wá.

A ti tún débẹ̀ nìyẹn. Kó tó di 2002, òfin Nẹ́pàl ní opó gbọ́dọ̀ dàgbà dé ọjọ́ orí kan kí ó tó lè gba ìpín tirẹ̀ kúrò nínú ohun ìní ẹbí ọkọ. Àtúnṣe kọkànlá sí ìwé òfin náà ló fọ ìdè yẹn lọ́dún náà, ṣùgbọ́n òfin kì í gun òkè bí ewúrẹ́. Lẹ́yìn ilẹ̀ ríri 2015, ìjọba ní òun á fún ẹni tí ilé rẹ̀ wó ní 300,000 rúpì, ní ìdá mẹ́ta, kí ó fi kọ́ òmíràn. Ẹni tí kò bá lè fi ìwé hàn pé òun ló ni ilẹ̀ wà nínú wàhálà. Orúkọ bàbá ọkọ tó ti kú ló ṣì wà lórí ìwé ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àbúrò ọkọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ṣe sùúrù, òun á bá a gba owó náà. Ojú olóore kọ́ ni ó fi ń wò ó nígbà gbogbo.

Ọ̀fíìsì ilẹ̀ wà ní olú-ìlú àgbègbè, ìrìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Opó yóò mú ìwé ìjẹ́-ọmọ-ìlú tirẹ̀ lọ, ìwé ìgbéyàwó tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí, ìwé ikú ọkọ, ìwé ìbátan láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àti àwọn ẹbí ọkọ tí yóò fọwọ́ sí i. Eyọ kan péré tó bá dín, ó padà sílé. Àwọn agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ tó ń bá opó kó ìwé wọ̀nyí jọ, iṣẹ́ wọn kì í ya fọ́tò dáadáa. Kò sí òwú dídán níbẹ̀, kò sí obìnrin lórí góńgó. Àmọ́ nígbà tí ìwé bá jáde, ó lè gbin kádámọ́ọ̀mù, èròjà ọbẹ̀ tó ń ta sánsán, ó lè yáwó báńkì, ó lè fi ilẹ̀ rẹ̀ rẹ́ǹtì, àbúrò ọkọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Nǹkan bí 2011 ni ìjọba Nẹ́pàl ṣí i sílẹ̀: kí ọkọ àti ìyàwó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sórí lalpurja kan ṣoṣo. Ọgọ́rùn-ún rúpì ni owó rẹ̀, kò tó dọ́là kan lónìí. Bí ọkọ bá kú lọ́la, ìyàwó ti wà lórí ìwé. Kì í ṣe ètò opó rárá, kò sí ibi tí wọ́n kọ opó sí nínú rẹ̀. Ìjà ibẹ̀ ni pé ọkọ ní láti wà láàyè, kó gbà, kó sì bá a rìn dé ọ́fíìsì náà lọ bọwọ́ lùwé, kí ó tó gun òkè tàbí kí ó tó wọ bàálù lọ sí Qatar.